Torí Ẹ̀rọ Tuntun

Káfíńtà ra ẹ̀rọ tó ń gé etí pákó, ó ń tò ó fúnra rẹ̀.

Ìyàwó rẹ̀ ní kó pe ẹni tó mọ̀ ọ́n tò.

"Ṣé ìwọ lọ̀gá mi ni?"

Ọ̀rọ̀ di ariwo.

Ọkọ rọ̀ mọ́ ẹ̀rọ náà, ó ranjú mọ́ ìyàwó, kò fèsì mọ́.

"Bàbá ọmọ mi, ẹ fi í sílẹ̀!"

Kò fi í sílẹ̀.

Ìyàwó fa pákó gbígbẹ yọ, ó là á mọ́ ọn lápá. Egungun ró pà.

Télọ̀ ẹ̀gbẹ́ wọn sáré wọlé. "Ìyàwó wa! Ṣé o fẹ́ pa ọkọ ẹ ni?"

Ó nawọ́ láti fa ọkùnrin náà. Obìnrin náà fi pákó gún òun náà láyà.

"Kúrò níbẹ̀!"

Ó tún la pákó mọ́ ọkọ rẹ̀. Ọkùnrin náà ṣubú yakata, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

"Irú ìjà wo lẹ̀ ń jà yìí?"

Obìnrin náà na ìka sí wáyà tó bó lára ẹ̀rọ. "Ta ló ń jà? Iná ló gan án."