Ẹṣin Tó Mọ Oríkì Rẹ̀

"Uncle, Àdìgún nìyẹn!"

Olùtọ́jú ẹṣin náà ti gbá ọ̀gá rẹ̀ lápá mú kó tó mọ̀. Níwájú wọn lórí pápá, àwọn ẹṣin ń sáré, wọ́n ń fo igi ìdènà bọ̀. Dúdú kan ló ṣíwájú wọn.

"Ṣé orí ẹ pé ṣá? Àdìgún tó ti kú?" Uncle Ọláníyọnu ò tiẹ̀ wo pápá. "Mo sọ fún ẹ pé ẹsẹ̀ ẹ̀ kán, vet, dókítà ẹran, sì fún un lábẹ́rẹ́ ikú. Ẹṣin dúdú pọ̀ ní Georgia níbí."

Lóòótọ́, Uncle sọ ọ́. Ó tiẹ̀ wakọ̀ wá sí ilé olùtọ́jú náà ní Lithonia wá bá a kẹ́dùn, ó gbàdúrà, ó ní kó gba kámú. Bẹ́ẹ̀, òun kan náà ló ti ṣèlérí pé tí Àdìgún bá sáré tọdún yìí tán, òun máa fi í ta olùtọ́jú rẹ̀ lọ́rẹ.

"Kò burú, sà. Ẹ jẹ́ n pè é."

Ní ilé ẹṣin wọn ní Conyers, oríkì ẹṣin náà ni olùtọ́jú yìí fi ń kí i láràárọ̀. Ẹṣin náà a pa oúnjẹ tì, a sáré tọ̀ ọ́ wá.

"Àdìgún! Àdìgún ò, ọmọ afẹ́fẹ́!"

Uncle fọwọ́ bò ó lẹ́nu. "Jọ̀ọ́, má pè é! Mo tà á ni, ó sì ti fẹ́ fò!"

Àdìgún ti gbọ́. Ó ti gbéra nílẹ̀ kó tó yí ọrùn, ó ń wá ohùn tó ń pè é, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì há sórí igi.

Ibi tí àwọn méjèèjì dúró sí ni wọ́n ti gbọ́ ìró ẹsẹ̀ tó kán.