Lẹ́tà mẹ́ta tí Falilatou kò béèrè ìtumọ̀ rẹ̀

Ẹ̀yin ará, ẹ fara balẹ̀ ka ọ̀rọ̀ yìí tán kí ẹ tó fi ránṣẹ́. Ó lè jẹ́ ìyá yín tàbí ẹ̀gbọ́n yín ló kàn.

1

Opó ni Falilatou, ìyá Sùmáyà, ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n, ó ń yan gàrí ní Idigny. Rodolphe, tó ń tún alùpùpù ṣe ní Kpankou, ló wá ń fẹ́ ẹ. Wọ́n ti mú ọjọ́ ìgbéyàwó pàápàá.

Àwọn kan wá ṣe àyẹ̀wò ọ̀fẹ́ fún àwọn obìnrin ní ilé ìwòsàn. Falilatou bá wọn tò. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, Marguerite agbẹ̀bí fún un níwèé: "HPV: positif," ìyẹn ni pé wọ́n rí i lára rẹ̀.

"Ẹ jókòó, ìyá Sùmáyà, kí n ṣàlàyé fún yín."

Falilatou ti rí H, ó ti rí V. VIH ló kà, orúkọ tí wọ́n ń pe HIV lédè Faransé! Sidà, àrùn éèdì! Ó sá jáde.

"Ẹ padà wá o!" Marguerite ń ké tẹ̀lé e. "A gbọ́dọ̀ wo ẹnu ilé-ọmọ yín!"

Kò gbọ́. Ṣé etí tó ń hó gbọ̀ọ́-gbọ̀ọ́ lè gbọ́ nǹkan?

2

Ta ló kó o ràn án? Ṣé ọkọ rẹ̀ olóògbé ni? Àbí Rodolphe? Àbí òun ló ti kó o ran Rodolphe? Ó ń wo ọkùnrin náà bí ẹni tó jà á lólè, ó sì tún ń wò ó bí ẹni tí òun jà lólè.

Ó sọ fún Léontine ọ̀rẹ́ rẹ̀.

"Má sọ fún un o! Ọkùnrin wo ló máa gbọ́ èyí tí yóò dúró? Wá àgbo mu."

Bó bá sọ, Rodolphe á lọ. Bí kò bá sọ, bóyá àrùn náà yóò pa Rodolphe. Orí rẹ̀ dàrú. Níkẹyìn, ó lọ bá Rodolphe nídìí iṣẹ́.

"Mi ò fẹ́ yín mọ́."

"Kí ni mo ṣe?"

"Ẹ ò ṣe nǹkan kan."

"Falilatou, sọ ohun kan fún mi, kódà kó jẹ́ irọ́."

Ó kọ̀, ó yíjú, ó lọ.

3

Ọdún mẹ́rin kọjá. Àgbo ò ṣiṣẹ́. Ẹ̀jẹ̀ wá ń dà lára rẹ̀ láìjẹ́ àkókò rẹ̀. Ìgbà yẹn ló tó padà sọ́dọ̀ Marguerite.

"Sidà kọ́, ìyá Sùmáyà. Kòkòrò mìíràn ni. Púpọ̀ nínú àwa tá a ti mọ ọkùnrin ló ti ní in rí. Ara ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń lé e lọ fúnra rẹ̀. Èyí tó bá jókòó pẹ́ ló lè di jẹjẹrẹ."

"Ta ló kó o ràn mí?"

"Kò sẹ́ni tó lè mọ̀. Ó lè sá pamọ́ sára fún ọ̀pọ̀ ọdún."

"Ṣé ó yẹ kí n sọ fún Rodolphe nígbà yẹn?"

"Kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ tí ẹ máa jẹ́wọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tẹ́ ẹ fẹ́ bá gbélé, ẹ kọ́kọ́ lóye ohun tó ń ṣe yín, kẹ́ ẹ wá sọ fún un."

Marguerite yẹ ẹnu ilé-ọmọ rẹ̀ wò, ó rí egbò ńlá níbẹ̀. Ká ní ó padà wá nígbà yẹn ni, wọn ì bá ti tọ́jú egbò náà nígbà tó ṣì kéré, láàárọ̀ ọjọ́ kan. Báyìí, ó ti di jẹjẹrẹ. Wọ́n gbé e lọ sí Cotonou, wọ́n yọ ilé-ọmọ rẹ̀.

Rodolphe gbọ́, ó wá kí i. Ó ti gbé ìyàwó, ó ti bímọ. Falilatou sọ gbogbo rẹ̀, láti orí ìwé náà títí dé orí àgbo.

Rodolphe fa àga sún mọ́ ọn.

"Ṣé ìyẹn náà ni? Èmi gan-an ni ì bá gbé ọ lọ sí ilé ìwòsàn."

Falilatou ò mọ̀ bóyá kí òun sunkún ni, tàbí kí òun rẹ́rìn-ín.

4

Ẹ̀yin ènìyàn mi, mo kìlọ̀ fún yín! HPV kì í ṣe VIH. Bí wọ́n bá fún yín níwèé tí ẹ kò mọ ìtumọ̀ rẹ̀, ẹ jókòó, kí ẹ gbọ́ àlàyé. Bí wọ́n bá ní kí ẹ padà wá, ẹ padà. Ẹ mú àwọn ọmọbìnrin yín lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ bó bá wà nítòsí yín. Ẹ má sì di ẹ̀bi ru ẹnikẹ́ni lórí ohun tí kò sẹ́ni tó lè mọ orísun rẹ̀.

Abéèrè kì í ṣìnà. Ẹni tí kò béèrè ló ń pọ́n ara rẹ̀ lójú.