Ìṣẹ́jú Márùn-ún Ló Kù

Ọdún kẹta rèé tí Fadérera ti ń kọ́ iṣẹ́ alákòóso orí ìtàgé nílé-ẹ̀kọ́ eré, ohùn rẹ̀ kò sì ròkè. Bó bá ké sí àwọn òṣèré nínú yàrá ìmúra pé, "Ìṣẹ́jú márùn-ún ló kù o!", wọn kì í dá a lóhùn. Bẹ́ẹ̀ òfin ni pé ẹni tó bá gbọ́ gbọ́dọ̀ dáhùn pé, "Ìṣẹ́jú márùn-ún, mo dúpẹ́." Ẹni tó bá ti dáhùn, ó ti gbà pé òun ń bọ̀ nìyẹn.

"Ọmọ mi, lọ wá iṣẹ́ mìíràn ṣe," olùkọ́ rẹ̀ wí lálẹ́ ọjọ́ náà, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Ó wá ku Fadérera nìkan tó ń paná. Ó gbọ́ tí aṣọ ń wọ́ nílẹ̀ nínú yàrá ìmúra tí òun fúnra rẹ̀ ti tì pa. Ó ní èkúté ni. Ó pa iná tó kẹ́yìn.

"Fadérera," ohùn kan pè é jẹ́jẹ́ nínú òkùnkùn, "ìṣẹ́jú márùn-ún ló kù."

Ìyá àgbà ti kìlọ̀ fún un láti kékeré pé a kì í jẹ́ ìpè ẹni tí a kò rí lóru. Àmọ́ ọdún mẹ́ta kì í ṣe ọjọ́ mẹ́ta. Kó tó rántí, ẹnu rẹ̀ ti dáhùn:

"Ìṣẹ́jú márùn-ún, mo dúpẹ́."