Ife Tó Ń Tàn ní Ọgbà Agbálùmọ̀

Bí ojú Ìbídùn àti ti ọ̀dọ́mọkùnrin kan ṣe ṣe mẹ́rin láàárín èrò tó kún ọgbà wáìnì agbálùmọ̀ lórí òkè Ìdànrè, bẹ́ẹ̀ ni ife wáìnì ọwọ́ Ìbídùn tàn yòò. Ife ibẹ̀ kì í bo àṣírí: bí àyà ẹni bá ti ń lù kì kì kì, á tanná.

"Háà, Ìbídùn, bo ife ẹ, o fẹ́ fọ́ wa lójú!" ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kígbe.

Ẹni tó bá wọ ọgbà náà ní láti fọwọ́ ara rẹ̀ kọ lẹ́tà ìfẹ́ sí ẹni tí kò tíì mọ̀. Èyí tí kò bá rí ẹni gbà á kí ọkọ̀ òfúrufú ìrọ̀lẹ́ tó ń kó àlejò padà sílé tó gbéra, ẹ̀rọ ẹnu ọ̀nà á lọ̀ ọ́ ṣe ajílẹ̀ fún igi. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni Ìbídùn ti fi tirẹ̀ bọ́ igi.

Fèrè ọkọ̀ dún. Ìbídùn di lẹ́tà rẹ̀ mú, ẹ̀rù àtilọ fún ẹnikẹ́ni ń bà á. Ìgbà náà ló rí i pé ọ̀dọ́mọkùnrin náà ti fi fìlà bo ife tirẹ̀, iná sì ń yọ lábẹ́ fìlà ọ̀hún bí òṣùpá. Ẹ̀rín pa á, ẹ̀rù sì fò lọ.

"Ẹ jọ̀ọ́, fìlà yín ti fẹ́ gbiná," ló wí nígbà tó débẹ̀.

"Ẹ̀yin náà lẹ ṣáná sí i!"

"Ó dáa, ẹ tètè gba èyí. Igi ti jẹ tèmi yó."

Ó sì fi lẹ́tà náà lé e lọ́wọ́.