Ẹni Tí Yóò Ṣèèṣì Kú

Ìyálóde Wúràọlá ò tíì rún pákò tán tí ẹ̀rọ afòlókè táwọn ológun òkè-òkun fi ń bá ìlú sọ̀rọ̀ fi tún bà sójú fèrèsé rẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀, Ìyálóde. Ká tó wọ igbó lọ gba àwọn èèyàn yín, aláìṣẹ̀ mélòó lẹ gbà kó ṣèèṣì kú?"

"Ojoojúmọ́ ni mò ń sọ pé kò sí! Ṣé etí yín di ni?"

"Òfin ò gba 'kò sí', mà."

Ìmáàmù Bùráímọ̀ tó jókòó tì í mí kanlẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ àti ọmọ Ìyálóde wà lára àwọn táwọn apààyàn tó ń pe ara wọn lọ́mọ ogun Ọlọ́run jí gbé. "Ẹ dákun, ẹ dá a lóhùn."

Ìyálóde pòṣé, ó ju pákò nù. "Ó dáa, ẹyọ kan! Ẹ máa lọ jàre!"

"Ẹ ṣeun. Ẹ dárúkọ ẹni náà."

Ìyálóde wo Ìmáàmù. Ìmáàmù ti ń wolẹ̀.