Tavion Kọ Orúkọ Ara Rẹ̀ Síta

Àìlèdúró síbì kan ni ìwà tó ba ayé Tavion Guidry jẹ́. Kì í ṣe ọ̀lẹ, kì í ṣe olè, kò sì mutí. Ṣùgbọ́n bó bá ti jókòó síbi kan, ojú rẹ̀ á ti máa wo ibòmíràn. Bọ́ọ̀lù tiwa ní Louisiana níbí, èyí tí wọ́n ń gbé sáyà sá, ló ń gbá. Èmi ni mo máa ń di bándéèjì mọ́ kókósẹ̀ àwọn agbábọ́ọ̀lù ní yunifásítì wa, mi ò sì tíì di ẹsẹ̀ tó yá tó tirẹ̀.

Yunifásítì kẹta tí Tavion máa wọ̀ láàárín ọdún mẹ́ta ni tiwa. Òfin gbà á láyè. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń gbá bọ́ọ̀lù kò dà bí ẹni tó ń gbá a jẹun. Ẹni tó ń gbá a jẹun ti tọwọ́ bọ̀wé pẹ̀lú àwọn olówó tó ni ẹgbẹ́: kò lè ṣàdédé lọ, ṣùgbọ́n bó bá fara pa lẹ́nu iṣẹ́, àwọn ló máa tọ́jú rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ ní tirẹ̀, bí àsìkò bá tó, yóò kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé àwọn tó ń wá ilé-ìwé tuntun, ó parí. Ọjọ́ tí orúkọ bá sì ti wọ ibẹ̀, ilé-ìwé àtijọ́ kò jẹ ẹ́ ní nǹkan kan mọ́: oúnjẹ, ibùsùn, dókítà, wọ́n lè gba gbogbo rẹ̀.

Miss Odile, ìyá ìyá rẹ̀, ló tọ́ ọ dàgbà nítòsí ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ti ń bó ìrẹsì. Ibẹ̀ ni gbogbo ọkùnrin ilé wọn ti ṣiṣẹ́ kú. Bọ́ọ̀lù nìkan ni Tavion fi lè bọ́ níbẹ̀.

Ní oṣù Kejìlá, ó ku ọjọ́ márùn-ún ká gbá eré tó kẹ́yìn ọdún, fóònù rẹ̀ dún. Kóòṣì yunifásítì ńlá kan ní Texas ni. Òfin ò gbà á láyè kó pè é, ṣùgbọ́n gbogbo wọn ló ń ṣe é. Mi ò tíì di ẹsẹ̀ rẹ̀ tán tó fi fò dìde.

"Lem, mo ń lọ!"

Lemuel Batiste, òmìrán tó máa ń la ọ̀nà fún un lórí pápá, ń jẹ gọ́mbò, ọbẹ̀ ilá tiwa níbí, nínú ike lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. "Lọ síbo? Ilé ìgbọ̀nsẹ̀?"

"Texas, ọ̀gbẹ́ni! Kóòṣì wọn ní èmi lòun ń dúró dè."

"Ó kọ ọ́ sínú ìwé?"

"Ó fẹnu sọ ọ́."

"Ẹnu! Ẹnu ni mo fi ń jẹ gọ́mbò yìí, wò ó, ó ti tán. Tav, dúró ká gbá eré yìí ná. Tó o bá lọ, ta ni kí n máa la ọ̀nà fún, afẹ́fẹ́?"

Tavion bú sẹ́rìn-ín. "Ìwọ dúró, akọ màlúù. Tó o bá ṣe tán níbí, àwọn olówó á so ẹ́ mọ́lẹ̀ fọ́dún mẹ́rin bí ewúrẹ́. Èmi ò lè gbé okùn sọ́rùn."

Miss Odile bá a sọ ọ́ lórí fóònù: "Ọmọ mi, ṣé torí pé òjò ṣú lo ṣe fẹ́ da omi inú àmù nù?" Tavion ní kí màmá má ṣèyọnu.

Kóòṣì Broussard, ọ̀gá àwọn agbábọ́ọ̀lù wa, pè é sí ọ́fíìsì. "Nígbà tó o dé ibí, ta ló fún ẹ ní yàrá?"

"Ẹ̀yin ni, sà."

"Ilẹ̀kùn tó o fẹ́ gbà yìí, ìta nìkan ló ń ṣí sí. Kílẹ̀ tó ṣú, mo máa ti fún ẹlòmíràn ní àyè rẹ."

"Mo ti gbọ́, sà. Ẹ ṣeun."

Ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà ló kọ orúkọ rẹ̀ síta. A gbá eré wa láìsí i, a sì fìdí rẹmi.

Texas ní kó dúró di oṣù Kìíní. Ó padà sílé Miss Odile, ó ń sáré lórí ebè oko ìrẹsì kí ara rẹ̀ má baà tutù. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ẹsẹ̀ rẹ̀ wọ ihò tí edé ẹrẹ̀, tó máa ń gbẹ́lẹ̀ bí alákàn, gbẹ́ sínú ebè náà. Orúnkún rẹ̀ yí, ó sì ró.

Ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n gbé e wá. "Renée, jọ̀ọ́, bá mi wò ó." Mo ti bu yìnyín sọ́wọ́. Kóòṣì Broussard dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó mi orí.

"Kì í ṣe tiwa mọ́, Renée. Tó o bá fọwọ́ kàn án, ilé-ìwé ló máa jẹ́jọ́ ẹ̀."

Mo da yìnyín padà sínú àpótí.

Tavion pe Texas níbẹ̀ níṣojú wa. Ohùn àjèjì ló dáhùn. "Kóòṣì tó pè ẹ́ ti gbaṣẹ́ síbòmíràn lánàá. Kí lorúkọ tìẹ ná?"

Nígbà tó fi máa kàn án nílé ìwòsàn ìjọba, oṣù méje ti kọjá, ó ti di oṣù Kẹjọ, ẹsẹ̀ náà kò sì lè nà tán mọ́. Yunifásítì mẹ́tàdínlógún ló kọ̀wé sí, kò sí èyí tó fèsì. Ní oṣù Kẹjọ yẹn gan-an, Lemuel tó ti tọwọ́ bọ̀wé pẹ̀lú àwọn olówó ya orúnkún tirẹ̀ níbi ìdánrawò. Lọ́jọ́ kẹta, wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún un, owó oṣù rẹ̀ kò sì dúró. Ó ti padà sórí pápá.

Tavion ń gbá èèpo ìrẹsì nílé-iṣẹ́ yẹn báyìí. Lemuel lọ kí i lọ́dún tó kọjá, èmi ni mo wa ọkọ̀. Tavion fara ti ìgbálẹ̀, kò wo ojú ọ̀rẹ́ rẹ̀.

"O ní kí n dúró, Lem," ló wí. "Wò mí. Mo ti dúró."

Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ rèé. Òmìnira àtilọ dára, kò sẹ́ni tó yẹ kí wọ́n dè bí ẹran. Ṣùgbọ́n okùn tí kò jẹ́ kí ewúrẹ́ rìn jìnnà náà ni wọ́n fi ń fà á jáde bó bá já sí kòtò. Ẹni tí kò jẹ́ kí nǹkan kan so òun pọ̀ mọ́ ẹnikẹ́ni, kó má retí ọwọ́ tó máa fa òun. Kó o tó jáde nílé kan, rí i pé o ti wọ òmíràn, kó sì wà nínú ìwé. Ìlérí ẹnu kì í wo orúnkún sàn, àbámọ̀ ló sì máa ń gbẹ̀yìn ọ̀ràn.