Apá Tí Ọbanijésù Fi Ń Ju Bọ́ọ̀lù

Nínú gbogbo ọmọ tí wọ́n tọ́ dàgbà ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn ní Peckham nílùú Ọba, Ọbanijésù nìkan ló ń fi bésíbọ́ọ̀lù ṣiṣẹ́ jẹun. Òun ló ń ju bọ́ọ̀lù fún ẹgbẹ́ kan ní Amẹ́ríkà. Tí eré bá ti parí nígbà òtútù, ó máa ń wá sinmi lọ́dọ̀ bàbá rẹ̀, Theophilus, lẹ́bàá Rye Lane. Láràárọ̀, bàbá rẹ̀ á fọwọ́ wọ́ èjìká rẹ̀ fún un, bó ṣe ń ṣe látìgbà tó ti wà ní kékeré.

Theophilus ti fẹ̀yìn tì. Lẹ́yìn ikú ìyá Ọbanijésù, ó fẹ́ Lois lọ́dún tó kọjá, ìgbéyàwó náà sì sọ ọ́ dọ̀tun. Àwọn ọkùnrin ṣọ́ọ̀ṣì máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé kó sọ àṣírí rẹ̀ fáwọn. Á ní, "Ayọ̀ ni."

Lọ́dún yìí, nígbà tí Ọbanijésù padà sí Amẹ́ríkà, wọ́n yẹ ìtọ̀ rẹ̀ wò. Wọ́n rí testosterone tí kì í ṣe ti ara rẹ̀, oògùn tó ń mú iṣan le. Wọ́n dá a dúró. Ó padà wá sí Peckham.

Ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n á bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, ojú wọn á sì lọ sí apá rẹ̀. Zoe, àfẹ́sọ́nà rẹ̀, ò gbé ìpè rẹ̀ mọ́. Lois sọ fún un pé, "Tó o bá lò ó, sọ̀rọ̀. Ọlọ́run á dárí jì ẹ́."

Theophilus nìkan ló gbà á gbọ́. "Ọmọ mi ò lo nǹkan kan," ló máa ń sọ, láì gbé ohùn sókè. Oorun dá lójú rẹ̀. Kò wọ́ èjìká ọmọ náà mọ́. Ó ní ìka ń dun òun.

Lọ́sàn-án ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ gbọ́ ẹjọ́ oògùn náà kẹ́yìn lórí Zoom, Ọbanijésù jókòó ti bàbá rẹ̀ ní kíṣìnì.

"Daddy, lawyer mi ní wọ́n lè dá mi sílẹ̀ tí mo bá mọ bó ṣe wọ ara mi. Tí mi ò bá mọ̀ ọ́n, it's over. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi rò ó. Ṣé kò sí nǹkan kan nínú ilé yìí?"

Theophilus wo Lois, tó ń ṣan abọ́. Ó wo fèrèsé. Bọ́ọ̀sì Camberwell ń kọjá lọ.

"Kí ni ì bá wà níbí? Oúnjẹ tá a jọ ń jẹ náà ni."

"I know. Mo kàn ní kí n bi yín ni. Ẹ̀yin nìkan lẹ gbà mí gbọ́."

Ọbanijésù wọ yàrá lọ. Theophilus ń gbọ́ ohùn rẹ̀ láti ẹ̀yìn ògiri: "I don't know. Honestly, I don't know." Kó tó di ìrọ̀lẹ́, wọ́n ti fòfin dè é kúrò nínú eré náà títí ayé.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Theophilus ti ilẹ̀kùn ilé ìwẹ̀ mọ́ra, ó tẹ jẹ́ẹ̀lì sí àtẹ́lẹwọ́, testosterone tí dókítà ti ń kọ fún un látìgbà tó fẹ́ Lois kó lè lókun bí ọkùnrin, ó fi pa èjìká ara rẹ̀, ó wá fi ọṣẹ fọ ọwọ́ méjèèjì dáadáa, ohun tí dókítà ti kìlọ̀ fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ pé kó máa ṣe kó tó fọwọ́ kan ẹnikẹ́ni, kí oògùn náà má bàa wọ ara onítọ̀hún.